Àkùkọ Tí Kò Fẹ́ Kí N Kúnlẹ̀

Nígbà tí ìyá ọkọ mi kó wá sọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àpótí aṣọ méjì ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú àga kékeré kan tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀, abo adìẹ mẹ́fà, àti àkùkọ kan ṣoṣo. Àkùkọ náà rẹwà. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ dúdú, ogbe orí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí mo sì ń yìn ín. Bí mo bá ti mọ̀, Ọjà Igbó ni ǹ bá ti tà á kí a tó délé.

Màmá ti ń dá gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti dolóògbé. Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n ti ta ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fún ọdún gbọọrọ, títí orúnkún wọn fi ní òun kò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n sì wà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí aládùúgbò kan tó gbọ́ ohùn wọn. Dókítà sọ fún ọkọ mi pé wọn kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, pé irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lè burú ju èyí lọ. Síbẹ̀ wọn kò fẹ́ wá. Lójú ọmọ Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti òkè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èmi ni mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ wọn, tí mo ní bí wọn kò bá tẹ̀ lé wa, n kò ní dìde. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ àwọn adìẹ àwọn ń bọ̀ o.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́, mo fẹ́ràn láti máa kúnlẹ̀. Ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi, ìyá mi kì í sì í gba ìkíni ìdúró lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ọ̀yọ́ gbà pé àwọn ló ni ìkíni, pé àwa tó kù kàn yá a lọ́wọ́ wọn ni. Lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, orúnkún mi ni gbogbo ẹbí ń wò, bóyá yóò kan ilẹ̀. Ó kan ilẹ̀. Ó sì ti ń kan ilẹ̀ láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn láìsí ìjà.

Àgbàlá wa kò ní ibi ìkọ̀kọ̀. Odi tó yí i ká kò ju àyà lọ, ọ̀nà tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá ń lọ ló ń rí wa, tí wọ́n sì ń kí wa. Ibẹ̀ ni Màmá fẹ́ràn láti máa jókòó sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á ti ṣí ilé adìẹ, wọ́n á ti gbé àga wọn sí abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á sì máa da ọkà bàbà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn adìẹ wọn.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama, mo sì ti múra iṣẹ́. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Kí wọ́n tó dá mi lóhùn, nǹkan kan gbá mi lẹ́yìn, gbì! Mo rò pé máńgòrò ló já lù mí. Ìgbà tí èkejì bà mí lẹ́sẹ̀, tí ó sì gún mi, ni mo mọ̀ pé kì í ṣe máńgòrò. Mo fò sókè. Àkùkọ ló dúró lẹ́yìn mi, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ rú sókè, ó ń fi ojú kan wò mí.

Màmá ò rí i. Ojú wọn kan ti ní àwọ̀ funfun, èkejì náà kò sì ríran tó bẹ́ẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n ní, “Kí ló dé?”

Mo ní, “Kò sí nǹkan kan mà.”

Kí ni ǹ bá sọ? Pé adìẹ yín lù mí? Ẹni tí mo bẹ̀ títí kí wọ́n tó wá, tí wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan, kí n máa wá fẹjọ́ adìẹ wọn sùn? Mo lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀, mo sì sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé ìṣó ló ha mí.

Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí mo bá dúró, tàbí tí mo ń rìn kọjá, kò bá mi sọ nǹkan kan. Bí mo bá jókòó sórí àpótí, kò kàn án. Àmọ́ kí n tẹ̀ ba gbálẹ̀, kí n lóṣòó fọ abọ́ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, kí n kúnlẹ̀ kí àgbà, ńṣe ni yóò sáré wá láti ìpẹ̀kun àgbàlá, yóò fò, yóò sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá mi. Ṣóńṣó líle tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré. Àkùkọ yìí kò kórìíra mi. Ìtẹríba mi ló kórìíra.

Mo gbìyànjú oríṣiríṣi. Mo na igi sí i, ó ka igi sí ẹnìkejì nínú ìjà. Mo wọ́n omi sí i, ó gbọn ara rẹ̀, ó tún padà wá. Mo ní kí n fi àgbàdo wá ojú rere rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti dà á sílẹ̀, orí mi ló fò lé. Nígbà tó yá, ìdérí ìkòkò ńlá ni mo ń gbé lẹ́yìn bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ sí ìpàdé àdúrà sì ń wò mí pẹ̀lú àánú.

Aládùúgbò wa kan, aránṣọ ni, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, wá gbé aṣọ mi wá lọ́jọ́ kan tí Màmá ń sùn nínú ilé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò wọn kalẹ̀ báyìí, àkùkọ dé. Wọ́n sá dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn.

“Èyí kì í ṣe ojú lásán,” ni wọ́n wí. “Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e.”

Mo ní, “Ẹ ṣé mà. Èmi ti ń gba tèmi.”

Nígbà tí n kò rọ́nà gbé e gbà, mo dá ọgbọ́n kan. Bí mo bá jáde láàárọ̀, orí àtẹ̀gùn ni mo ń dúró sí, mo ń rọ orúnkún díẹ̀, mo sì ń ju ìkíni mi láti ọ̀ọ́kán, “Ẹ káàárọ̀ mà!” kí n tó gba ẹ̀gbẹ́ odi bọ́ síta. Ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé Màmá nínú ilé, mo ń kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì, kí n lè fi dí èyí tí mo jẹ wọ́n níta. Lójú tèmi, ìṣirò náà pé. N kò mọ̀ pé òun gan-an ló máa kó bá mi.

Díẹ̀díẹ̀ ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kí wọn, àdúrà ni wọ́n fi ń dáhùn, wọ́n á ṣe é títí tí n ó fi fẹ́ pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó wá di “Káàárọ̀” lásán. Mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní àwọn ti yó. Mo bá béèrè bóyá ara wọn ò yá, wọ́n á ní ara àwọn le kokooko. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ara mi wò, bóyá iyọ̀ ni, bóyá ariwo tẹlifíṣọ̀n ni, bóyá ohun kan ni mo sọ láìmọ̀.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, tó sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ló tú àṣírí náà fún mi. Alẹ́ Fúráìdé ló máa ń dé, nígbà tí adìẹ ti wọlé sùn, inú yàrá ni ó ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, nítorí náà àkùkọ kò fọwọ́ kàn án rí. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń bọ́ bàtà, kò wojú mi.

“Màmá fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Wọ́n ní nínú ilé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí ọ, o ń kúnlẹ̀. Níta níbi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ń kọjá, o ń kí àwọn ní òòró. Wọ́n ní ojú àwọn ń tì ọ́ ni. Pé o ò fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ àkùkọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi ojú ọgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi hàn án. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo ju ìrọ̀rí lù ú. Ó dìde, ó lọ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá kejì.

“Àkùkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́? Tí kò tíì ta ẹnikẹ́ni rí? Ìwọ náà ti ń bá a wá àwáwí. Kò burú.”

N kò lè dá wọn lẹ́bi. Ní Ọ̀yọ́, ọ̀wọ́ adìẹ wà lẹ́yìnkùlé, àwọn èèyàn sì ń kí Màmá nínú pálọ̀, àkùkọ náà ṣì kéré nígbà yẹn. Àwọn fúnra wọn kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, orúnkún wọn kò tilẹ̀ gbà. Ní gbogbo ayé, àwọn nìkan ni àkùkọ yìí kò ní ìdí kankan láti bá jà. Èmi tí wọ́n ti pè ní aláìmọ̀ọ́kí wá di elékèé lórí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo jáde, mo di eyín mọ́ra, mo kúnlẹ̀ gbọnrangandan níwájú Màmá, mo ń retí ìyà. Ìyà kò dé. Àkùkọ wà lẹ́yìn ilé, ó ń lé abo adìẹ kan kiri. Mo pẹ́ níbẹ̀ títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Àkùkọ tó ń lù ọ́ dà?” ni wọ́n bi mí.

Àfi kí ilẹ̀ lanu. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò tún bá mi sọ ju ohun tó yẹ lọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pé kí wọ́n wá mú àwọn lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Àǹtí yìí, kí n sọ òótọ́, mo bẹ̀rù wọn. Èèyàn ńlá ni wọ́n lára àti lóhùn. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn lè kúnlẹ̀ fún ìyá àwọn nínú ẹrẹ̀, pé ìyàwó ayé òde òní kò mọ iyì àgbà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò sùn dáadáa. Ibi tí Màmá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n tún ń padà sí, ilé òfìfo, balùwẹ̀ kan náà, nítorí pé wọ́n gbà pé mo fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n níbẹ̀, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe èmi ló lé wọn lọ? Èmi gan-an, ṣé mo máa gbà?

Sátidé pé. Màmá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ẹrù méjì tí wọ́n ti dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkọ mi ń to àga sínú pálọ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà dúró, Àǹtí sì wọlé, gèlè gíga lórí, báàgì lápá, búrẹ́dì gígùn méjì nínú ọ̀rá. Mo ń bọ̀ látinú ilé pẹ̀lú omi tútù lórí tíréè. Láti orí àtẹ̀gùn, mo rí gbogbo rẹ̀. Mo rí Àǹtí tí wọ́n ń tún ìró wọn ṣe, tí wọ́n ń mú orúnkún wá sílẹ̀. Mo rí àkùkọ ní ìpẹ̀kun àgbàlá tó gbé orí sókè.

Àyè wà fún mi láti pariwo “Àǹtí, ẹ dúró!” Ẹnu mi tilẹ̀ ti là. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo pa á dé.

“Ẹ kú ilé mà, ẹ kú àárò wa mà,” ni Àǹtí ń wí, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, orí títẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi ṣe ń ṣe. Àkùkọ ti dé. Àyà ló fi kọ́kọ́ lu gèlè, gèlè ṣí, ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún fò, ó gbá wọn láàárín ẹ̀yìn. Àǹtí ké “Yéè! Màmá, wọ́n ń pa mí o!” Wọ́n fẹ́ dìde, ìró di wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n bá ń fi orúnkún rìn, èyí sì mú kí inú túbọ̀ bí àkùkọ. Nígbà tí wọ́n dìde tán, eré ni wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n gba tíréè lọ́wọ́ mi, omi dà, wọ́n sì fi tíréè bo iwájú. Àwọn abo adìẹ ti wọ́ búrẹ́dì dé abẹ́ odi.

Ọkọ mi sáré jáde, nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn tíréè, ó tún sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Èmi bu ètè jẹ.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, oòrùn ti là, ìjà náà kò sì jìnnà sí wọn ju nína apá méjì lọ. Wọ́n rí i. Wọ́n wo àkùkọ, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ìyàwó mi. Ṣé ohun tó ń ṣe ọ́ nìyí?”

“Ẹ̀ẹ́n mà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ kẹrin tí ẹ dé mà.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?”

“Àkùkọ yín ni mà. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń ṣàròyé ohun tí ẹ kó wá.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Èmi náà, inú ń bí mi, mi ò bi ọ́. Mo ní bóyá ó ti sú ọ ni, kí n má fi ẹnu ara mi mú kí o sọ ọ́.” Wọ́n mi orí. “Oṣù mẹ́ta. Àwa méjèèjì kàn ń bọ̀wọ̀ fún ara wa.”

Wọ́n da ọkà bàbà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n pe àkùkọ, ó sì wá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé Sọ́ńdè. Wọ́n gbá a mú, wọ́n há a sí abíyá. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ ò rí i bí àkùkọ méjì bá fẹ́ jà ni? Orí ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ sílẹ̀ fún ara wọn. Ìyàwó ń kí mi, èyí rò pé òun ni wọ́n ń pè níjà. Mo ti sin adìẹ láti kékeré, ó yẹ kí n ti mọ̀.” Wọ́n na ọwọ́ kejì sí mi. “Wá. Kúnlẹ̀ níbí.”

Mo kúnlẹ̀. Àkùkọ yọ orí lábẹ́ apá Màmá, ó ń wò mí, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà oṣù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ń lọ sí ìdánrawò akọrin dúró lẹ́yìn odi, wọ́n ń ṣe “Àmín.” Àǹtí náà ń ṣe é láti orí àtẹ̀gùn, wọn ò gbé tíréè sílẹ̀.

Bí a ṣe tọ́ àkùkọ náà sọ́nà nìyẹn. Láràárọ̀, Màmá á há a mọ́ra, èmi á kúnlẹ̀, èmi náà á sì gbé e rìn yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ apá mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń jà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń tòògbé. Ní báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, ó kàn ń wò mí ni, bí olùdarí ilé-ìwé tó rí olùkọ́ tó pẹ́ kó tó dé. Bí àlejò ọkùnrin tó lè dọ̀bálẹ̀ bá ń bọ̀, abẹ́ àgò la ṣì ń dé e mọ́, a kò tíì dán ìyẹn wò.

Àmọ́ ọ̀sán Sátidé yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ, tí Màmá jẹ tán tí wọ́n tún ní kí n bu sí i, wọ́n ní kí n bá àwọn wá fóònù àwọn. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n sì ń pe àwọn èèyàn wọn ní Ọ̀yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn fóònù sì lọ sókè tí gbogbo wa ń gbọ́. N kò mọ̀ pé wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni márùn-ún ni.

“Àkùkọ ni o! Kì í ṣe ọmọ náà. Àkùkọ ni. Bí o bá ti bá ẹlòmíì sọ ọ́, lọ sọ fún un pé mo ní irọ́ ni.”

Ẹni karùn-ún ni ẹnìkejì wọn tí wọ́n jọ tajà ní Akẹ̀sán. Ìyẹn ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. A gbọ́ ohùn wọn ketekete, “Ibo lẹ dé báyìí? A ti gbálẹ̀ ilé yín, a ti pọn omi sílẹ̀.”

Màmá wo ẹrù méjèèjì tí ọkọ mi gbé sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Mo dáwọ́ dúró nínú ẹ̀wà tí mo ń ṣà. Àǹtí, tí mo ti fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn wọn kí n tó jókòó, náà gbé orí sókè.

Màmá ní, “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn padà. Mo ti wà nílé.”

Mo gbé ẹrù kan, Àǹtí gbé èkejì, a wọ yàrá lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.